Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ẹgbẹ́ Kò Gbọdọ̀ Wà Lápò Ẹnì Kan

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa tí kò gba owó oṣù mọ́ ni.

Òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń san owó ẹgbẹ́ nípa check-off: wọn a yọ ọ́ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì ni èyí dópin. Ìwé ìròyìn wa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì pa ipò dà, ìdílé rẹ̀ kò rí ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú gbà. Ẹni tí ó fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún bá wa jìjàkadì! Ìdí nìyí tí ìpàdé wa fi pinnu láti ṣí ìsọ̀ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè máa fi káàdì báǹkì san ₦500 lóṣooṣù, ìbáà ṣe Emùré ni wọ́n wà, ìbáà ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù.

A ra ìsọ̀ náà tán kí a tó mọ̀ pé ẹnu-ọ̀nà ìsanwó tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn, èyí tí í ṣe Stripe, kì í ṣí àkáǹtì tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ tí ó fìdí kalẹ̀ sí Nàìjíríà. Àwọn kan bá dìde, wọ́n ní kí a fi orúkọ ọmọ ẹnì kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí i. Owó yóò máa wọ àkáǹtì rẹ̀, yóò sì máa fi í ránṣẹ́ sílé.

A kò gbà! A tún un sọ: a kò gbà!

A kò pe ọmọ náà ní olè. Ṣùgbọ́n àkáǹtì tí ó wà lórúkọ rẹ̀, tirẹ̀ ni lójú òfin. Bí Stripe bá rí i pé òwò tí ó sọ pé òun ń ṣe kọ́ ni owó náà ti ń wá, ó lè ti àkáǹtì náà pa, kí ó sì dá owó inú rẹ̀ dúró. Ta ni a ó pè lẹ́jọ́? Akápò wo ni ayẹ̀wé owó wò yóò bi léèrè? Ìyá wa tí ó ń dá àjọ lọ́jà Ìkẹ́rẹ́ kò jẹ́ fi owó lé alájọ tí kò mọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé àwa wá gọ̀ ju ìyá wa lọ ni? Ẹ má sì gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa dín iye tí a lè fi káàdì náírà san sí òkèèrè kù, tí àwọn mìíràn dá a dúró pátápátá. Àgbà tí ó wà ní Emùré ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ já sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Paystack wà, èyí tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015. Flutterwave náà bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Stripe tí kò ṣílẹ̀kùn fún wa yìí gan-an ni ó ra Paystack ní 2020! Iye tí Paystack kọ síta pé òun ń gbà lórí káàdì ilé ni náírà kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ₦100 bí owó náà bá tó ₦2,500. Lórí ₦500 wa, ₦7.50 ni. Àgbà tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Ìsẹ̀ wá san án ní Ìkẹ́rẹ́ yóò ná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Òtítọ́ ni pé Paystack kò sí nínú ohun tí ó bá ìsọ̀ náà wá. A ní láti fi ètò kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní plugin, so méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti lajú, nítorí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí a dán an wò, alẹ́ẹ̀tì dé sórí fóònù pé owó ti kúrò. Ìsọ̀ ní a kò tíì san. Bí ó bá jẹ́ àgbà kan ni, yóò san án lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kí a tó san owó iṣẹ́ fún oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó fi nǹkan mẹ́rin hàn wá.

Èkíní, Paystack ń ka owó ní kọ́bọ̀: ₦500 ni 50000. Bí ó bá kọ 500 ránṣẹ́, náírà márùn-ún péré ni Paystack yóò kà á sí.

Èkejì, kí ìsọ̀ má ṣe gba ọ̀rọ̀ fóònù ẹni tí ń sanwó gbọ́. Kí ó bi Paystack fúnra rẹ̀ bóyá owó wọlé, kí ó sì máa gba iṣẹ́ tí Paystack bá rán sí i, lẹ́yìn tí ó bá ti yẹ àmì ìfọwọ́sí rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, kí plugin náà lè gba owó oṣù kejì láìjẹ́ pé àgbà tún tẹ nǹkan kan. Òmíràn kò lè ṣe é. Ìránnilétí nìkan ni yóò máa fi ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà wa, kí ẹni tí ń sanwó sì lè dá a dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 2005 sọ pé ìfẹ́ inú ẹni ni wíwọ ẹgbẹ́. Àwa tí a ń bá ọ̀gá jà nítorí owó tí wọ́n yọ láìgba àṣẹ wa kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ sí àwọn àgbà wa.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, a ó dábàá pé kí owó náà wọ àkáǹtì tí ó wà lórúkọ ẹ̀ka wa, pẹ̀lú olùfọwọ́sí méjì, kí akápò sì máa ka iye rẹ̀ síta lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù dára jù èyí lọ, kí ó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

Òógùn òṣìṣẹ́ ni owó ẹgbẹ́. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!