Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Oòrùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ike ara alùpùpù, ẹ̀yin tí ẹ ń kó o wọ̀lú, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní ìsọ̀ páátì, ẹ̀yin ni mo pè lẹ́jọ́. Ẹ ta ọ̀kadà pupa fún ènìyàn, kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì di píǹkì. Bí ẹni tó ni ín bá ráhùn, èsì kan náà lẹ ní: "Oòrùn ni." Ọlọ́kadà á mi orí, á sì gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi kò gbà.

Ẹlẹ́rìí mi wà lára máṣíìnì náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo tánkì epo. Irin ni, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n sì fi ọ̀dà mìíràn tó mọ́ gaara bò ó lórí, èyí tí wọ́n ti po oògùn tó ń dá ìtànṣán oòrùn dúró mọ́. Ọjọ́ kan náà ni tánkì àti sáìdì kọ́fà jáde nínú páálí, ojú kan náà ni oòrùn fi wò wọ́n. Tánkì ṣì pọ́n, kọ́fà ti ṣá. Ẹ tú kọ́fà yẹn, kí ẹ wo inú rẹ̀: pupa ọjọ́ tí wọ́n rà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bó sítíkà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́tà orúkọ máṣíìnì á yọ ní pupa láàárín ibi tó ti ṣá. Mọ̀dígáàdì dúdú ńkọ́? Èédú kíkúnná ló máa ń wà nínú ike dúdú, òun ló ń gba ìtànṣán sára tí kì í jẹ́ kó ráyè wọ inú, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ ju gbogbo aláwọ̀ yòókù lọ. Oòrùn kò yàtọ̀. Ohun tí ẹ fi sínú ike ló yàtọ̀.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ike kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara alùpùpù. Ní 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde ní Jàpáànì, tòun ti ike tó ń bo ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn èròjà àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní quinacridone, pupa àti àlùkò tí oòrùn kì í tètè rí mú. Láti àwọn ọdún 1970 ni oògùn tí àwọn oníke ń pè ní HALS ti wà, tí wọ́n ń pò mọ́ ike kí ìtànṣán má baà já okùn tó so inú rẹ̀ pọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò ike, èyí tí wọ́n máa ń lò kì í sábàá tó kílò kan. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán àwọ̀ wò náà ti pẹ́. Ìlànà kan wà tí wọ́n fi òwú irun àgùntàn aláwọ̀ búlúù ṣe, ìpele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 8: ìpele 1 a máa tètè ṣá, ìpele 8 ló ń pẹ́ jù. Ẹ̀rọ oníná xenon sì wà tí wọ́n ń gbé ike sí, tó ń fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí oòrùn ìta máa fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe. Ẹni tó ń da ike sínú mọ́ọ̀dì lè béèrè ìpele tí àwọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Ẹ ò béèrè, tàbí ẹ béèrè, ẹ sì ra èyí tó rọ̀ lówó.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ pupa ti le. Pupa tí wọ́n ń rí lára ìpẹtà irin, èyí tó pọ́n ilẹ̀ wa, oòrùn kò lè ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ kì í tàn yòò, kò sì wu oníbàárà. Pupa tó ń tàn tí kì í sì í ṣá wà, owó rẹ̀ ló ga. Pupa tó ń tàn tí owó rẹ̀ sì rọ̀ náà wà: ìmọ́lẹ̀ ló ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, bí ẹ bá sì tún fi èròjà funfun là á kí ó lè pọ̀ sí i, ṣíṣá rẹ̀ á yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ yan èyí tó rọ̀ lówó, ẹ wá gba owó gidi lé e lórí. Bí aláró ọjà Ìtòkú bá ri aṣọ bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan péré, tó tà á ní iye owó aṣọ tó mu aró yó, gbogbo ọjà ló máa pè é ní olè.

Àwọn kan á ní kí ni àwọ̀ já mọ́, ṣebí máṣíìnì ṣì ń rìn. Ọ̀rọ̀ náà ju ẹwà lọ. Púpọ̀ nínú ike ara alùpùpù jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní ABS. Nínú èròjà mẹ́ta tó para pọ̀ dì í, ọ̀kan jẹ́ rọ́bà, rọ́bà yìí ni kì í jẹ́ kí ike fọ́ nígbà tó bá gbá nǹkan. Òun gan-an ni ìtànṣán oòrùn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń bá jà. Nígbà tí ẹ bá fi ìka nu kọ́fà tó ti ṣá, tí ìyẹ̀fun funfun lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, agbára ike náà ti ń lọ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí etí ibi tí síkúrúù wọ̀ á là, èèkàn kékeré tó ń há sínú rọ́bà á kán. Ọlọ́kadà á wá fi wáyà dè é, tàbí kó gé túùbù táyà fi so ó. Lọ́jọ́ kan, kọ́fà á já bọ́ sọ́nà, òjò á sì ráyè dé ibi tí bátìrì wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní ìsọ̀, ẹ ò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lẹ fi ń so kọ́fà tuntun kọ́ síta nínú oòrùn kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Oòrùn ti jẹ lára rẹ̀ kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀, ẹ ó sì fi ẹnu yín sọ pé oríjínà ni. Àwọn tó ń ṣe ike dáadáa a máa tẹ orúkọ irú ike náà sí inú rẹ̀, bíi >ABS< tàbí >PP<. Mélòó lẹ ti yí padà wò kí ẹ tó rà á fún títà? Òróró tí ẹ tún ń tà fún ọlọ́kadà pé kó fi pa á, omi orí ike lásán ni. Ó ń dán fún ìgbà díẹ̀, kò dá nǹkan kan tí oòrùn ti jẹ padà.

Ẹ sì ń sọ fún un pé kó máa gbé máṣíìnì sí abẹ́ ibòji. Inú oòrùn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀! Ní ìdíkọ̀, bí igi kan bá wà, àwọn èrò ló ń dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń san owó máṣíìnì díẹ̀díẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn. Lọ́jọ́ tó bá sì fẹ́ tà á kó lè ra òmíràn, oníbàárà kì í kọ́kọ́ gbọ́ dídún ẹ́ńjìnnì. Ara rẹ̀ ló ń wò, á ní máṣíìnì yìí ti jìyà, á sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lè dára gan-an. Àpò ọlọ́kadà lẹ ti mú owó tí ẹ dín kù lórí àwọ̀ jáde.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ 2018 mọ́ orúkọ rẹ̀, fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó sì máa tọ́jọ́ níwọ̀n bó ṣe yẹ fún ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń lo alùpùpù. Ẹ tẹ irú ike sí inú kọ́fà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ìpele àwọ̀ rẹ̀ sára ọ̀rá tí ẹ fi wé e. Ẹ kọ iye ọdún tí ẹ lérò pé ó máa lò kó tó ṣá, bó bá sì ṣá kó tó pé, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọlọ́kadà, kí ẹ fún un ní òmíràn láìgba owó.