Nínú Ilé Onígbàgbọ́: Ẹ Bá Àwọn Ọmọ Yín Jáde

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan èmi pàápàá, nítorí náà n kò ní fi pamọ́ fún yín.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin wa tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé òun ń lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó dé. Nígbà tí mo pàdé olórí ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní àwọn kò ṣe ìdánrawò kankan. Àyà mi já. Mo pe ọmọ náà sí yàrá, mo bi í léèrè. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Màmá, Freedom Park ni mo lọ. Orin ni mo lọ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀ yín pé ká jọ lọ, ẹ ní ibi ayé ni."

Irọ́ tó pa, ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo sì bá a wí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ bá èmi náà wí. Ibi tí mo ń pè ní ibi ayé yìí, n kò fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́ rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti bàbá rẹ̀ bá a lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé ìjọba Òyìnbó, ní Broad Street l'Ékòó. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n níbẹ̀. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tó gba òmìnira, ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń so àwọn ẹlẹ́wọ̀n kọ́ tẹ́lẹ̀ ni pèpéle àwọn olórin wà lónìí. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí Pọ́ọ̀lù àti Sílà tí wọ́n kọrin lóru nínú túbú (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16).

A ra ẹja yíyan àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a jókòó. Bí wọ́n ti ń lu ìlù ni bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ti wu òun tó láti kọ́ dùùrù nígbà èwe, tí kò sówó. Ọmọ náà kò gbọ́ ìtàn yìí rí láti ọjọ́ tí a ti bí i.

N kò sọ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló dára. Wọ́n ń ta ọtí nítòsí wa. Nígbà tí olórin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé báàgì rẹ̀. A dìde, a sì lọ sílé.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ló fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bẹsálẹ́lì fún iṣẹ́ ọnà (Ẹ́kísódù 31). Fẹlá Ṣówándé tí òkìkí orin rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ọmọ àlùfáà ni, inú ìjọ ló sì ti kọ́ dùùrù. Bí àwa òbí kò bá bá àwọn ọmọ wa débẹ̀, ta ni yóò kọ́ wọn láti ya àlìkámà kúrò lára ìyàngbò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn. Ẹgbẹ́ MUSON tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 ní gbọ̀ngàn orin àti ilé ẹ̀kọ́ orin ní Oníkan. Àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó, LABAF, bẹ̀rẹ̀ ní 1999, wọ́n sì máa ń ṣètò ti àwọn ọmọdé níbẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo lọ sí ilé kọfí, kí ẹ sì jẹ́ kí òun ló máa sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ béèrè: Ta ni yóò kọrin? Kí ló ń kọ? Aago mélòó ni a óò padà? Ẹ má sì jẹ́ kí ó gba àkókò ìsìn.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ìbẹ̀rù wa lé àwọn ọmọ wa sínú irọ́. Àmín.