Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ilé-Ìkàwé Lọ́wọ́?

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìlọsíwájú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, n kò sì lè dákẹ́ sí i. Òǹkọ̀wé yín ní láti ìgbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti di yunifásítì ni ọ̀rọ̀ ìkọ́ni, ilé-ìkàwé àti kọ̀ǹpútà ti ń dára bọ̀, pé kí wọ́n ṣáà máa kọ́ ilé kún ilé ló kù. Mo ta kò ó. Kí wọ́n tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn, ó yẹ ká béèrè ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ àwọn ilé tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́, aago tí wọ́n ń ṣí wọn, àti bóyá iná wà níbẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Ọjọ́ta ni mo ń gbé. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí à ń pè ní NCE ni mo fi wọṣẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí òfin tó pa Adeniran Ogunsanya College of Education ní Ijanikin pọ̀ mọ́ Michael Otedola College of Primary Education ní Noforija, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, tí méjèèjì fi di Lagos State University of Education, LASUED. Ìgbà yẹn náà ni Pólì Ìkòròdú di yunifásítì, LASUSTECH. Èkó nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ti ṣáájú, ti Iléṣà àti ti Ọ̀yọ́ sì tẹ̀ lé e. Mo mọ ìdí rẹ̀. Dìgírì ni àwọn ọmọ ń wá, kò sì sí òbí tó fẹ́ kí ọmọ òun lo ọdún mẹ́ta gba NCE kó tún wá lọ ka dìgírì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé yín ní orúkọ yunifásítì ń fa owó wọlé, ibẹ̀ gan-an ni ìṣírò rẹ̀ ti yẹ̀. Owó TETFund ló ní lọ́kàn, èyí tó ń wá láti inú owó orí tí àwọn iléeṣẹ́ ń san lórí èrè wọn. Nígbà tí òfin rẹ̀ jáde ní 2011, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí náà; ó di ìdá 3 ní 2023. Lóòótọ́, ìpín yunifásítì ju ti kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ. Ní 2024, yunifásítì ìjọba kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi bílíọ̀nù náírà 1.9, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Bí Ijanikin àti Noforija bá ṣì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 ni àwọn méjèèjì ì bá jọ gbà lọ́dún yẹn. Ní báyìí tí wọ́n ti di ọ̀kan, ìpín ẹyọ kan ni tiwọn. Ilé-ìkàwé méjì ṣì ni, yàrá kọ̀ǹpútà ìhà méjì ṣì ni, ọ̀kan wà lọ́nà Àgbádárìgì, èkejì wà lọ́hùn-ún ní Ẹ̀pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí kò sì lè lo tọ̀hún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dí àlàfo yẹn, ó sì yẹ kí aráàlú mọ̀ bóyá ó ń dí i.

Nípa ti ilé kíkọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èmi lọ, tí n kò ní dárúkọ, a ní yàrá kọ̀ǹpútà. Wọ́n kùn ún dáadáa, wọ́n lẹ òkúta mọ́ ògiri, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó wá ṣí i sára rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n kó wọn dé ṣì wà lára wọn nígbà tí èmi ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ọ̀gá kan ló mú kọ́kọ́rọ́. Bó bá lọ sípàdé, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wá ńkọ́? Olùkọ́ wa ya kíbọ́ọ̀dù sójú pátákó, a dà á kọ sínú ìwé, a há a sórí, a sì yege. Ilé-ìkàwé ní tirẹ̀ ń tì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kíláàsì wa ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, níbi tí gílóòbù kan ṣoṣo wà, ni a ti ń kàwé. Bí wọ́n bá kọ́ mẹ́ta irú ilé bẹ́ẹ̀ kún un, ilé mẹ́rin tí wọ́n ń tì ní aago mẹ́rin ni a ó ní.

Àwọn tó sì ń jìyà rẹ̀ jù lọ kò tíì tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní 2020 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò EKOEXCEL, tí wọ́n kó táblẹ́ẹ̀tì fún àwa olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti máa fi kọ́ni. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ kíbọ́ọ̀dù lójú pátákó ni wọ́n fi táblẹ́ẹ̀tì lé lọ́wọ́, pẹ̀lú kíláàsì tó kún fún ọmọ tó ń wò mí lójú. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti kọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé kọ̀ǹpútà tó pọ̀ ti parí ọ̀rọ̀, kó rántí ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tí JAMB ṣe ní 2025. Ilé wà, kọ̀ǹpútà wà, iná wà. Àtúnṣe kan ni wọn kò ṣe sórí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ìdánwò ní ẹkùn Èkó àti ti ìlà-oòrùn gúúsù, kò sì sẹ́ni tó tètè fura kí èsì tó jáde. Ọmọ 379,997 ló fara gbá a, 206,610 nínú wọn jẹ́ ti ẹkùn Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsìháàkà Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, fi omijé tọrọ àforíjì níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì tún ìdánwò náà ṣe fún wọn. Ẹni tó mọṣẹ́, tó ń yẹ ẹ̀rọ wò lójoojúmọ́, ló yẹ kó ti rí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kì í fẹ́ gbà síṣẹ́, torí pé oṣooṣù ni owó rẹ̀ ń jáde, kò sì sẹ́ni tó lè lẹ òkúta orúkọ mọ́ ọn lára.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nira. Kí LASUED àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé àti ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀. Kí ilé-ìkàwé máa wà ní ṣíṣí títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àti lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀ kó má baà máa retí iná ọba tàbí epo jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n sì lẹ ìnáwó ilé-ìkàwé mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́dọọdún, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kà á.

Ó tún ku ọ̀kan fún àwa ará Kòsọ́fẹ́. Láti Ọjọ́ta, Kétu, Alápẹ́rẹ̀ àti Mile 12 ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń lọ sí Ijanikin. Wọ́n á gba Òṣòdì, wọ́n á gba Mile 2, gosiló á ti mu gbogbo okun wọn kí wọ́n tó padà délé. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Ọjọ́ta ní alẹ́ tó fẹ́ kàwé kò ríbi jókòó sí, àfi ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé, níbi tó ti ń sanwó. Gani Fawehinmi Freedom Park sì wà níbẹ̀, níbi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn péjọ sí ní oṣù kìíní ọdún 2012 láti tako yíyọ owó ìrànwọ́ epo. Ní 2018 wọ́n gbé ère Gani tuntun, ńlá, dúró síbẹ̀. Agbẹjọ́rò yìí ló dá Nigerian Weekly Law Reports sílẹ̀ ní 1985, ìwé ìdájọ́ tí àwọn lọ́yà ṣì ń lò títí dòní. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ àti LASUED jọ ṣí yàrá ìkàwé kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn, kó ní tábìlì, iná, íntánẹ́ẹ̀tì àti òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n á máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Mo ṣetán láti máa jókòó níbẹ̀ láìgbowó lọ́jọ́ Sátidé, mo sì mọ àwọn olùkọ́ mìíràn ládùúgbò yìí tí wọ́n á bá mi ṣe é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan,
Ọjọ́ta, Èkó.