Ọjọ́ Ogbó Kì Í Wúkọ́

Òpópónà Peachtree ní Downtown Atlanta ni àjọ ìdènà àrùn Amẹ́ríkà tí a ń pè ní CDC lónìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1946. Ìlú yìí ló yẹ kó kẹ́yìn tí wọn yóò ti sọ fún arúgbó tó ń wúkọ́ pé ọjọ́ orí ló ń ṣe é. Mo sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ilé ìtọ́jú àgbà tí kò bá lè rí i pé wọ́n ya fọ́tò àyà ẹni tó wúkọ́ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ife ni, kò yẹ kó gba arúgbó kankan.

Wọ́n á ní ikọ́ ife ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Irọ́ ni. Ó lé ní 10,000 ènìyàn tí wọ́n rí i lára wọn ní 2024, àwọn tó ti pé ọdún 65 sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Kòkòrò tó ti sùn sí wọn lára láti ọdún pípẹ́ ló jí. Àwọn òbí wa tó dàgbà sí Nàìjíríà ńkọ́, níbi tí àrùn náà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n á tún ní àwọn ti gún arúgbó náà lábẹ́rẹ́ àyẹ̀wò lápá, ojú ibẹ̀ kò wú. Ìwé èsì yẹn gan-an ni mo ń bá jà. Ara àgbà a máa gbàgbé: abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn, èkejì tí wọ́n bá gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ló wá ń sọ òótọ́. Kódà, ẹni tí ikọ́ ife ń jẹ lẹ́dọ̀fóró lè gba méjèèjì kó má wú. Ẹni tó gún ẹyọ kan, tó fi ìwé rẹ̀ sí fáìlì, fáìlì ló tọ́jú.

Ikọ́ ife ti àgbà kì í sábà pariwo. Ibà lè má sí, ẹ̀jẹ̀ lè má sí. Aṣọ á kàn máa tóbi lára Màmá, oúnjẹ ò ní wù wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn á máa dàrú.

Ní 1985 ni dókítà William Stead àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé àrùn yìí ń ràn nínú àwọn ilé ìtọ́jú àgbà ní Arkansas. Ní 1990, CDC gbé ìlànà lórí rẹ̀ jáde. Grady, ilé ìwòsàn ńlá Downtown, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹni tí wọ́n bá fura sí sọ́tọ̀ ní 1992 kí èsì tó dé, àkóràn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ sì lọ sílẹ̀. Ta ló kù tí kò gbọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń wẹ̀ fún àwọn àgbà wọ̀nyí, tó ń wọn ìwúwo wọn, ẹ̀yin lẹ ń kọ́kọ́ rí i, afẹ́fẹ́ wọn náà lẹ sì ń mí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, bí ojú ọ̀gá tilẹ̀ korò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń mú òbí lọ, ẹ béèrè fọ́tò àyà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí wọ́n bá ní kò pọn dandan, ẹ gbé Màmá padà sínú ọkọ̀.