Kẹ̀kẹ́ Kejì

Cyclo-cross ni eré-ìje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe nígbà òtútù lórí koríko, nínú ẹrẹ̀, lórí iyanrìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ẹni tó ń díje á gun kẹ̀kẹ́ níbi tó bá ṣeé gùn, ibi tí kò bá ṣeé gùn, á gbé e kọ́ èjìká, á sì máa sáré lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Amẹ́ríkà: eré mẹ̀kúnnù ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kẹ̀kẹ́ lè wá. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ìdajì tó kù wà nínú owó tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, owó ọ̀hún sì wà lára ohun tó ń pinnu ipò tí èèyàn máa wà nígbà tí eré bá parí.

Ilẹ̀ Faransé ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Daniel Gousseau, ọmọ ogun ilẹ̀ náà, ni wọ́n kà sí ẹni tó ṣètò ìdíje gbogbo Faransé àkọ́kọ́ ní 1902. Òtútù ló ń lé àwọn agunkẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì, wọ́n sì fẹ́ kí ara wọn ṣì le nígbà tí oòrùn bá padà dé. Octave Lapize gba Tour de France ní 1910, ó ní eré inú ẹrẹ̀ wà lára ohun tó ràn òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkìkí eré náà ṣe kàn. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Paris ní 1950, Jean Robic ló sì gbégbá orókè. Láyé ìgbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń gùn ní títì náà ló ń gbé wọ igbó. Ìtàn yìí ni àwọn tó ń polówó eré ṣì gbẹ́kẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ayé ti kọjá ibẹ̀.

Lóde òní, oṣù kẹsàn-án ni àsìkò eré ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń lo bíi wákàtí kan. Àwọn tó ń ṣe é fún ìfẹ́ ń lo ìṣẹ́jú 30 sí 50, bí ọjọ́ orí àti ìpele wọn bá ṣe rí. Àyíká kan kì í sábà ju kìlómítà 3.5 lọ, wọ́n á sì yí i títí àkókò á fi pé. Pákó ìdènà wà lójú ọ̀nà, gíga rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ẹni tí kò bá lè fi kẹ̀kẹ́ fò ó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, kó gbé kẹ̀kẹ́ kọjá, kó sì tún fò gùn ún.

Láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ni owó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje, ìlà-ìlà ni wọ́n ń to àwọn olùdíje: iwájú ni ti àwọn tó ti kó pọ́ìǹtì jọ, ẹ̀yìn ni ti àlejò. Kọ́nà àkọ́kọ́ sábà máa ń há. Bí èèyàn 60 bá já síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wà lẹ́yìn á dúró, wọ́n á máa wò bí àwọn tó wà níwájú ṣe ń lọ. Ibi tí pọ́ìǹtì sì ti ń wá ni kéèyàn máa díje lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ àti owó epo ọkọ̀ tirẹ̀.

Owó ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń wà láàárín dọ́là 30 sí 50. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó adójútòfò, owó àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì, owó ẹ̀rọ tó ń ka àkókò, owó ọgbà, àti owó títún koríko ọgbà ṣe lẹ́yìn tí táyà bá ti gé e jẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré ni kò gbowó iṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ. Táyà olówùú tí wọ́n fi ọwọ́ rán, èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa eré yìí fẹ́ràn jù, lè tó 100 yúró ẹyọ kan, méjì sì ni kẹ̀kẹ́ ń lò. Ẹrẹ̀ tó ní iyanrìn nínú lè jẹ páàdì bíréèkì tuntun tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣéènì ń rún, bọ́ọ̀lù irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń dípẹtà, koríko ń lọ́ mọ́ ẹ̀yà kékeré tó ń yí gíà títí tó fi máa kán.

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré sí ọ̀ràn kẹ̀kẹ́ kejì. Òfin eré gbà kí olùdíje pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ ní ibùdó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, iye ìgbà tó bá wù ú. Nínú ẹrẹ̀ tó ki, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè pààrọ̀ ní gbogbo ìdajì àyíká. Bí ọ̀kan bá ti wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀, ẹni tó dúró dè é á gbà á, á fi ẹ̀rọ tó ń tu omi jáde pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́, bí àwọn tó ń fọ mọ́tò ṣe ń ṣe, á fi òróró sí ṣéènì, kí olùdíje tó tún yí dé. Kẹ̀kẹ́ tó mọ́ fúyẹ́, gíà rẹ̀ ń dáhùn, bíréèkì rẹ̀ ń mú. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, ẹrẹ̀ tó bá gbé ní àyíká kìíní, òun náà ni yóò gbé dé àyíká ìkẹyìn, pẹ̀lú èyí tó ń kún un. Bí gíà rẹ̀ bá kán, kó fẹsẹ̀ sáré dé ibùdó kò ràn án lọ́wọ́, nítorí kò sí nǹkan kan tó ń dúró dè é níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ méjì nìkan kò sì tó. Ẹni tó dá wá, tó gbé méjèèjì wá, á pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó sọ sílẹ̀ á sì wà nínú ẹrẹ̀ rẹ̀ títí eré á fi tán. Ó nílò ẹni tí yóò fọ̀ ọ́: aya, ọkọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ dúró sínú òtútù. Ìpalára tó ga jù wà nínú ìṣirò gbogbo wọn lápapọ̀. Bí ẹnì kan bá mú kẹ̀kẹ́ kejì wá, ó jèrè. Bí gbogbo wọn bá mú un wá, kálukú padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀, owó nìkan ló ti lọ. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè dá nìkan fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé, àfi kó gbà láti wà lẹ́yìn. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá a máa sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Nínú eré yìí, kẹ̀kẹ́ ọ̀hún gan-an ló ń fi owó rìn.

Ní Flanders, lórílẹ̀-èdè Belgium, owó ń gba ọ̀nà mìíràn. Òǹwòran ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ra bíà àti ọ̀dùnkún díńdín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń rọ́ lọ sí Koppenberg tàbí sí òkìtì iyanrìn Koksijde, àwọn gbajúmọ̀ agunkẹ̀kẹ́ sì ń gba owó nítorí pé wọ́n yọjú lásán. Ẹni tó ń ṣe é fún ìfẹ́ ló ń sanwó kó tó lè jìyà. Ní àwọn eré kan ní Amẹ́ríkà, òǹwòran a máa na dọ́là kan sí olùdíje bó ṣe ń rápálá gun òkè, olùdíje á já a gbà. Ó jọ bí a ṣe ń nánwó fún olórin lóde àríyá, òun náà sì ni owó kan ṣoṣo tó ń wọ àpò ọ̀pọ̀ wọn lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan dá a lábàá pé kí wọ́n dín owó ìforúkọsílẹ̀ kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas, fi hàn pé ibẹ̀ kọ́ ni ìnira wà. Ní oṣù kìíní 2015, ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà ń lọ ní Zilker Park. Òjò rọ̀, àwọn tó ń bójú tó ọgbà bẹ̀rù pé gbòǹgbò àwọn igi àtayébáyé á bàjẹ́, wọ́n sì dá eré ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, dúró. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ìrọ̀lẹ́ Àìkú ní láti san owó mìíràn kó lè dúró, tàbí kó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó máa lọ sílé láìdíje. Nínú gbogbo ohun tírú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdánù, owó ìforúkọsílẹ̀ ló kéré jù.

Àwọn ọ̀nà tó sàn wà, àwọn kan sì ti ń lò wọ́n. Òfin àgbáyé kò gba táyà tó fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdíje àdúgbò ń gba kẹ̀kẹ́ orí òkè tí èèyàn ti ní nílé. Ibòmíràn ní ìpele tiwọn fún kẹ̀kẹ́ tí kò ní ju gíà kan lọ, níbi tí nǹkan tó lè kán ti dín kù. Èyí tó ṣẹ́ kù ni kí ìdíje àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ìpele tí kẹ̀kẹ́ kejì kò ní wọ̀, pẹ̀lú omi tí gbogbo ènìyàn lè fi fọ kẹ̀kẹ́ ní ọ̀fẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni àsìkò tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣètò eré jọ̀wọ́ kọ òfin náà sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kó tó di ìgbà náà.