Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Alábòójútó Sáfà ní Ṣàngó àti Ọ̀tà



Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Ọ̀tà Àwórì, ọmọ Ìganmọ́dẹ, ìlú onígẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí ẹ̀rọ tí ń rọ páànù àti ike kì í sùn tọ̀sán-tòru, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, ó sì ń dùn mí dé ọkàn: àṣà tí ó ti gbilẹ̀, pé kí á kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà àlejò sínú sáfà kan, kí hypervisor máa darí wọn, kí á sì ṣèlérí mẹ́mórì tí sáfà náà kò ní fún wọn. Ẹni tí ó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Bí sáfà bá ní gígábáìtì 64, tí a sì ṣèlérí 20 fún àlejò márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, níbo ni 36 tí ó kù yóò ti wá?

N kò wí pé àjùmọ̀lò mẹ́mórì burú. Láti ọdún 2002 ni Carl Waldspurger ti VMware ti ṣàlàyé bí hypervisor ṣe lè fi ọgbọ́n tí à ń pè ní balloon gba mẹ́mórì tí àlejò kan kò lò padà, àti bí ojú-ewé mẹ́mórì tí ó bára mu láàárín àlejò méjì ṣe lè di ẹyọ kan. Linux náà gba ọgbọ́n kejì yìí wọlé ní 2009, ó pè é ní KSM. Ṣùgbọ́n balloon kò lè ṣiṣẹ́ bí òjíṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn sọfitíwia kékeré tí ń bá a ṣiṣẹ́, kò bá sí nínú àlejò; ìdàpọ̀ ojú-ewé láàárín àlejò sí àlejò ẹ̀wẹ̀, VMware fúnra rẹ̀ dá a dúró ní ìparí 2014, nítorí àwọn olùwádìí fi hàn pé àlejò kan lè tipa rẹ̀ yọjú wo àṣírí èkejì. Bí méjèèjì bá kùnà, hypervisor yóò máa kó mẹ́mórì àlejò lọ sórí dísìkì láìsọ fún un, láìmọ èyí tí ó ṣe pàtàkì sí i, iṣẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan sì lè di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà!

Ìgbà tí iná bá lọ tí ó sì padà dé ni ọ̀ràn náà le jù lọ́dọ̀ wa, nítorí gbogbo àlejò tí ó jọ kú ni yóò jọ jí. Bí Windows bá ń jí, a máa fi òdo nu gbogbo mẹ́mórì tí a ṣèlérí fún un, òjíṣẹ́ balloon kò sì tí ì dìde nígbà náà. Gbèsè tí ó ti sùn láti oṣù pípẹ́ yóò wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń wọn ẹrù ọkọ̀, ẹni tí ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́, wọn yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà tí kò dáhùn, wọn yóò máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn rí pé mẹ́mórì wọn kì í ṣe tiwọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi mẹ́mórì àlejò tí ń darí ẹ̀rọ àti ti èyí tí ń ṣírò owó pamọ́ fún wọn pátápátá. Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò máa jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì kọ iye tí ìlérí yín fi ju ohun tí sáfà ní lọ sínú ìwé, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kí ó ra mẹ́mórì kún un.