Ta Ló Gbé Ère Náà Padà?

  Ó ti wà lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ewé ni mo máa bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyẹn sinmi díẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé àbúrò mi ní Oǹdó, ó sì kàn wá gbogbo.

Mo wọ ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gba Ọ̀wẹnà kọjá, mo sì dé Oǹdó kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ kejì ni ọ̀sẹ̀ Ifá. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, àbígbẹ̀yìn àbúrò mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí gbogbo ilé wá wo fíìmù kan. The Figurine ni, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Araromire. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love tí àwa àgbà mọ̀ dáadáa, ló darí rẹ̀ ní 2009. Kẹ́mi Adéṣọ̀yè ló kọ ìtàn rẹ̀. Ní 2010, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ ní AMAA, Ramsey Nouah sì gba ti òṣèré ọkùnrin tó dára jù. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe fíìmù ẹsẹ̀-kùkú kan.

Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ kí n já a mọ́ ọn lójú, kó fo ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé èyí.

Ọ̀rẹ́ méjì kan wà, Fẹ́mi àti Ṣọlá. Ọmọbìnrin kan náà, Mona, ni àwọn méjèèjì fẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe agùnbánirọ̀, wọ́n bá ère kan nínú ojúbọ ahoro nínú igbó. Ṣọlá gbé e, ó di ilé. Ère yìí, gẹ́gẹ́ bí fíìmù ṣe wí, ti òrìṣà obìnrin kan ni: ọdún méje ni yóò fi ṣe ẹni tó bá kàn án lóore, ọdún méje tó tẹ̀ lé e á sì jẹ́ ti ibi. Lóòótọ́, oore dé. Ṣọlá di olówó, ó fẹ́ Mona. Ikọ́ fée tó ń yọ Fẹ́mi lẹ́nu pòórá. Ọdún méje pé, gbogbo ẹ̀ dàrú. Wọ́n gbé ère sọnù, ó tún padà wá. Ìgbà tó yá la wá mọ̀ pé Fẹ́mi ló ń gbé e padà nítorí ìfẹ́ Mona tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ìparí, fíìmù yẹn kò dá ẹjọ́ fún wa. Ó bi wá léèrè ohun tí àwa fúnra wa gbà gbọ́.

Ariwo bẹ́ sílẹ̀! Ọmọ tó gbé fíìmù wá ní ọ̀rọ̀ náà ò le rárá: "Fẹ́mi ló ṣe é. Ṣebí ó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní kò rí bẹ́ẹ̀: "Ta ló wo ikọ́ fée sàn nígbà yẹn? Ta ló sọ Ṣọlá di olówó? Fẹ́mi náà ni? Bí ọdún méje àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti ère, ti ère náà ni èkejì."

Ọkọ àbúrò mi ti ń bínú ní tirẹ̀. Ó ní ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe fíìmù tí ojúbọ ò ní jẹ́ ibi ẹ̀rù, tó jẹ́ pé bí kámẹ́rà bá ti wọ ibẹ̀ báyìí, ohùn orin á yí padà, ọkàn èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àbúrò mi ní òun fẹ́ràn àwòrán rẹ̀, ó mọ́, ó dán, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbóná. Títí di aago mọ́kànlá la ṣì ń jà. Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní 2014, odidi ìwé ni àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lórí fíìmù yìí, Adéṣínà Afọláyan ni olóòtú rẹ̀, ẹnu àwọn náà ò kò.

Wọ́n ní kí èmi àgbà dá sí i. Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú orúkọ. Èmi ò mọ òrìṣà kankan láàárín àwọn tí à ń bọ tó ń jẹ́ Araromire. Ararọ̀mí tí mo mọ̀, orúkọ ìlú àti àdúgbò ni. Ararọ̀mí-Obù wà ní Òdìgbó níbí. Ẹni tó ń ṣeré lè dá orúkọ sílẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi òrìṣà inú fíìmù díwọ̀n tilé wa. Òrìṣà tí à ń bọ kì í ka kàlẹ́ńdà bí onílé tó ń retí owó ilé. Májẹ̀mú ló wà láàárín wa: a bèèrè, wọ́n sọ èèwọ̀ fún wa, a rúbọ, a dúpẹ́.

Ẹ wá wo Ṣọlá. Ó wọ ojúbọ onílé, ó gbé ohun tí kò gbé síbẹ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ayé yẹ ẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni pé ibo ló ti wá. Nígbà tó dàrú, wọn ò dífá, jíjù ni wọ́n jù ú nù. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Àwọn wọ̀nyí ò bèèrè rárá.

Mo tún rán wọn létí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí wa ní Àkúrẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òyìnbó sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ tiwọn pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà ní British Museum títí dòní. Ọdún mélòó ni ìyẹn? Ẹ bá mi ka méje-méje ibẹ̀, kí ẹ wí fún mi bóyá Lọ́ńdọ̀nù ti dàrú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti borí, mo lọ sùn.

Ní kùtùkùtù, igbe ló jí wa. "Ó ti padà wá! Ó ti padà wá o!" Ìyàwó ọmọ àbúrò mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbọ̀n. Ère ìbejì tí ìyá wa gbà fún Táyé, tó kú ní kékeré, ló ń wò. Ó wà níbi tó máa ń wà, lórí àpótí, pẹ̀lú osùn lára rẹ̀.

Ohun tí a ò mọ̀ nìyí: nígbà tí a sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin yìí dìde, ó rọra wọlé, ó gbé ère náà sínú àpò gàrí, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó fẹ́ gbé e jù sódò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó sì rí i lórí àpótí!

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, na ọwọ́ sókè bíi pé kíláàsì ló wà. "Èmi ni mo gbé e padà. Mo lọ bu omi, mo rí Táyé nínú àpò. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú ìyàwó, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo rántí pé òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lálẹ́ àná.

Mo mú un wọ yàrá, èmi àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá Àkúrẹ́, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ lára mi nínú ilé yìí. Nígbà tí mo rí ti Mona nínú fíìmù yẹn, mo ní ohun tó ń ṣe mí nìyẹn." Mo ní, "Ta lo sọ fún nígbà tó ṣẹlẹ̀?" Ó ní ọkọ òun nìkan. Ó ní àwọn ará ilé kí òun ní ẹ kú ewu, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àbúrò mi sunkún. Ó ní, "Ìyàwó mi, ìyá tó gba ère yìí, ọmọ ló kú lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e sílé láti pa ọmọ ẹlòmíràn. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń kùn ún lósùn, ó ń se ẹ̀wà fún un, nítorí pé kò fẹ́ gbàgbé ọmọ rẹ̀. Bíi tìrẹ náà ni." Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn ère yẹn fún un rí láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti àpò gàrí lọ. A mọ ìtàn fíìmù ní àmọ̀dunjú, a ò sọ ti ilé fún ìyàwó ilé.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn a dífá fún un, a sì ṣe ohun tí Ifá wí. A tún sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò, kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Wọ́n ti lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣì máa padà lọ. Ère wà láyè rẹ̀. A ò fi dandan lé e pé kó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo fíìmù yẹn bí ẹ bá rí i, ó dára. Ẹ jà lórí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jà, ẹ máa wo ojú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ère bá sì kúrò níbi tí ẹ gbé e sí, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè.